Lẹ́tà Tó Ń Padà Pẹ̀lú Àmì Pupa

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara Bíírò Pupa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ojú nìkan ni kò lè fi ṣe ẹ̀rín. Eyín ti yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò tí kò fẹ́ kí onílé sin òun dé ẹnu ọ̀nà. Orúnkún ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìdí ti gbòòrò débi pé bó bá jókòó sínú àga onígi tó fi ṣe tíṣà fún ọdún méjìdínlógójì, tó bá ní kí òun dìde, àga náà á bá a dìde. Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ló ń fi í rín. "Ọlọ́run gba eyín lẹ́nu mi, ó lọ fi kún ìdí," ni yóò sọ fún àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn á fi sáré lọ sí ilé ìtọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú kò pa á lẹ́rìn-ín. Dókítà ojú ti sọ fún un láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́ pé agbára ìwé kíkà tó kù nínú rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Á máa rí ènìyàn, á máa rí ilẹ̀kùn, kò ní máa fi orí gbá ògiri. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi bíírò kọ, ìyẹn ti ń dágbére.

Nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ àbúrò rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà.

"Lẹ́tà kan péré ni mo fẹ́ fi ojú yìí kà kó tó lọ," ó ní. "Ọ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa lọ bó bá wù ú."

Àbúrò rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀. Opó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ta ni?"

"Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbá títì. Ọ̀dọ̀ ta ni ìwọ náà rò?"

Télọ̀ tún gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ. Òun náà mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án rèé tí lẹ́tà ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kò ti wọ ilé yẹn mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bíírò Pupa bí. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wọ aṣọ funfun ni wọ́n ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì nílé. Ó wà lókè òkun. Bí ọdún bá yí, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ kú ọdún. Ara yín ńkọ́? Ẹ máa lo oògùn yín." Ìṣẹ́jú méjì, ó ti tán. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọn kò jẹun nínú rẹ̀.

Kì í ṣe báyìí ló ṣe wà tẹ́lẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ ní Bíírò Pupa, nítorí bíírò tó fi ń sàmì sí iṣẹ́ wọn, ó sì gbà á bí ẹni gba oyè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ wọn. Ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ni àwọn ọ̀rọ̀ méjì méjì tó máa ń rú ènìyàn lójú, àwọn tó jọra bí ìbejì tí wọn kì í sì ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ó to orúkọ wọn sára páálí ńlá kan lára ògiri kíláàsì: "lose" àti "loose", "lend" àti "borrow", "advice" àti "advise".

"Ẹ wò ó," á wí fún àwọn ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà ní ìbàdí, "àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń rán níṣẹ́ ẹni méjì. Ẹni tó gbé ìkòkò fúnni, ó yáni ní ìkòkò. Ẹni tó gbà á, òun náà yá ìkòkò. Èmi ń kọ́ yín, ẹ̀yin náà ń kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀yẹn. Kálukú ló ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ẹni tó bá gbé ti ẹnì kan fún ẹnì kejì, mò ń bọ̀ wá bá a."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún mọ́kànlá, tó lọ gbé ní ilé ìwé tó jìnnà, ìyá ní kó máa kọ lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé, Bíírò Pupa á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò gún, á yí òbìrí ká èyí tó gbé aṣọ ìbejì rẹ̀ wọ̀, á fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, á sì fi ránṣẹ́ padà pẹ̀lú èsì tirẹ̀. Ìyá ẹlòmíràn ń fi ìpara ránṣẹ́, ẹlòmíràn ń fi bísíkíìtì. Tirẹ̀, àmì pupa ni. Ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń bínú bí ó bá gba mẹ́jọ. Ìgbà tó kọ́kọ́ gba mẹ́wàá, ó lẹ lẹ́tà náà mọ́ inú àpótí rẹ̀ nílé ìwé, ó ń fi í hàn gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ọṣẹ.

Ọmọ dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ ọkọ, ó bá ọkọ rẹ̀ sọdá òkun. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti Bíírò Pupa tan lọ́nà jíjìn ni, bí ọmọ bàbá àgbà tó lọ dàgbà sí ẹ̀yìn odò. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ álífábẹ́ẹ̀tì kan nù lọ́nà, bí "colour" tó di "color". Ilé tó jẹ́ "flat" di "apartment". Bíírò Pupa kò fojú fo ọ̀kankan.

"Màmá, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbí," ọmọ náà kọ̀wé.

"Bí wọ́n bá ń rìn níhòòhò níbẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá dáhùn, ó sì tún yí òbìrí ká a.

Ó wá di ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì kọ̀wé pé òun ra "pants" dúdú méjì fún ọkọ òun, pé ó wọ ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Níbi tí wọ́n wà, ṣòkòtò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Níbi tí Bíírò Pupa ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, pátá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí Télọ̀ fi sáré wọlé tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Sọ fún ọkọ rẹ kó rọra. Kí òtútù má lọ ba ibi tí mo ti ń retí ọmọ-ọmọ jẹ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n òbìrí pupa náà wà níbẹ̀, máàkì sì jẹ́ méje.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ìyá rò pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Ní àsìkò òjò ọdún kan, lẹ́tà olójú ìwé kan ṣoṣo dé. Bíírò Pupa ṣí i ní ẹnu ọ̀nà pósófíìsì, ó kà á lórí ìdúró, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Oyún oṣù méje tí ọmọ rẹ̀ gbé ti lọ. Wọ́n bí i, kò mí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mọ́kànlá kò ní ṣì kọ.

Ọjọ́ méjì ló fi sunkún. Télọ̀ ló ń fi ṣíbí fún un ní tíì. Ní ọjọ́ kẹta, ó fọ ojú, ó jókòó, ó kọ ojú ìwé méjì ọ̀rọ̀ ìtùnú, ní Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù lọ tó kọ láyé rẹ̀. Nígbà tó parí, ó tún mú lẹ́tà ọmọ náà, ó gbé e sórí orúnkún. Bíírò pupa wà nítòsí. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń di lẹ́tà ọmọ náà mú. Ó dà bí obìnrin tí òkú wà nílẹ̀ ní yàrá rẹ̀, tó sì mú ìgbálẹ̀: kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ló ń wá ohun tí yóò ṣe. Òbìrí mọ́kànlá. Márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ó ká a pọ̀ mọ́ èsì rẹ̀, ó fi itọ́ lẹ ẹ́.

Télọ̀ rí i. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Títí dòní ló ń sọ pé ẹnu òun tó máa ń já bí aṣọ gbígbó, ọjọ́ tó yẹ kó já gan-an ni kò já.

Lẹ́tà kankan kò wá mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Télọ̀ ló pe Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà ojú. Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mọ́tò dúró níwájú ilé, obìnrin kan tí irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti ń funfun sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni ibi iṣẹ́ fún un.

Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀ bí ẹni wo ihò abẹ́rẹ́, ó fi oògùn sí i. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sínú abọ́ omi gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná.

"Rọra o," Bíírò Pupa ní. "Èyí tó tóbi yẹn, ayùn ni wọ́n fi ń gé e."

"Mo ti rí èyí tó burú jù ú lọ, Màmá."

"Irọ́ ni," Télọ̀ sọ láti ìdí ẹ̀rọ. "Èékánná ẹ̀gbọ́n mi ló gbọ́dọ̀ gba ipò kìíní. Àná ló fi fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi ya."

"Aṣọ tó ti gbó tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mo kàn ràn án lọ́wọ́ ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ ìnura nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Bíírò Pupa ń wo orí tó tẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń wá ibi tí òun lè ti bẹ̀rẹ̀, kò rí i. Ọ̀rọ̀ ojú, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọmọ náà ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ kọjá ìyẹn, ọmọ náà á dìde lọ da omi nù.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Bíírò Pupa rí ohun tó yà á lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ rẹ̀ pé òun á padà lọ́jọ́ Ajé. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó kọ, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ, ó tún pa á rẹ́. Òógùn bo ètè òkè rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó pe ọkọ rẹ̀, ó sì ka ìlà mẹ́ta fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ṣé ó dáa báyìí? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣì níbẹ̀? Tún gbọ́ ìlà kejì." Ìgbà tí ọkọ sọ pé ó dáa ló tó fi í ránṣẹ́.

Bíírò Pupa dúró kí ọmọ náà wọ ilé ìwẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí pẹ̀lú ìwé kíkọ?" ó bi àbúrò rẹ̀.

Télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ipò ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Ọ̀gá ló máa ń kọ ìròyìn wọ́ọ̀dù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní òun ò lè kọ ọ́. Ó lè fi abẹ́rẹ́ wá iṣan lára ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin lórí ìwé, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n." Ó gbé aṣọ tó ń rán, ó tún gbé e sílẹ̀. "Èmi ni mo mọ̀. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Nígbà tí oúnjẹ dé, Bíírò Pupa ní ikùn òun kún.

Lọ́jọ́ kẹta, Télọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé aṣọ oníbàárà jáde láti lọ gbé e fún un, ó sì rìn ín bí ẹni tó ń ka òkúta. Ìyá àti ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n ń ká aṣọ tó ti gbẹ.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan," Bíírò Pupa ní. "Ǹ bá kúnlẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gbà. Bí mo bá kúnlẹ̀ níbí, àfi kí ẹ lọ pe àwọn tó ń fi irin gbé mọ́tò."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, ẹ fi orúnkún sílẹ̀."

"Lẹ́tà yẹn. Èyí tí mo dá padà."

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà dúró.

"Mo sunkún, ọmọ mi. Ọjọ́ méjì gbáko. Bi àǹtí rẹ."

"Àǹtí ti sọ fún mi."

"Mo sì kọ ọ́ sínú èsì mi. Ojú ìwé méjì."

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Màmá. Kò sí ibi tí kò gún nínú ẹ̀. Mo kà á bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́. Lẹ́tà tèmi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa ni mo rí tí mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Bíírò Pupa fi aṣọ inú ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò láti ọdún mẹ́sàn-án, kò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní níkẹyìn. "Mi ò ní àwáwí. Mo ṣẹ̀ ọ́, forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín tipẹ́."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ̀wé sí mi. Ọ̀kan péré. Ojú yìí ń lọ. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, mo fi Ọlọ́run búra. Kọ ọ́ bó ṣe wù ọ́, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ yín. Tàbí kó o kọ ọ́ ní Yorùbá."

Nọ́ọ̀sì ká aṣọ kan tán kó tó dáhùn. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó tún tẹ́ ẹ.

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí mo bá ti kọ 'Màmá mi ọ̀wọ́n' báyìí, mo máa ń rí yín tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré, màá máa wò ó bí àlejò, màá ní ṣé ìwọ ni àbí èkejì rẹ. Ti Yorùbá gan-an, ibi tí àmì ń gbé ló kọ́kọ́ ń dẹ́rù bà mí." Ó gbé ojú sókè. "Kì í ṣe pé mò ń bínú. Ì bá dáa ká ní ìbínú ni. Ìbínú máa ń tán. Ọwọ́ mi ni kò lè ṣe é mọ́."

Ní títì nísàlẹ̀, ẹnì kan ń fọ mọ́tò, omi ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bíírò Pupa ń gbọ́ omi náà. Gbogbo ọmọ tó ti kọ́ láti kọ̀wé, wọn ò lóǹkà. Àwọn mìíràn ń kọ̀wé fún ilé ẹjọ́, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Èyí tó ti inú rẹ̀ jáde nìkan ni òun gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Mi ò ní béèrè mọ́."

"Màá máa pè yín."

"Máa pè mí."

Lọ́jọ́ kẹrin, Nọ́ọ̀sì padà lọ. Ó to oògùn ojú sórí tábìlì, ó fi okùn aláwọ̀ oríṣiríṣi so wọ́n kí ìyá rẹ̀ lè mọ ti òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀.

Dókítà ní oṣù mẹ́fà. Kò tó mẹ́rin tí ìlà inú ìwé fi di èérí lójú Bíírò Pupa, lẹ́yìn náà kò sí èérí pàápàá. Ọjọ́ tó di ìwé kan mú ní ìdoríkodò fún odindi wákàtí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí Télọ̀ sọ fún un. Kò bá ẹ̀rín náà dé ìdí.

Nọ́ọ̀sì ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi. Ara yín ńkọ́, ẹ lo oògùn. Ó máa ń lọ sí ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ oògùn ti tán, Bíírò Pupa gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Màmá, òjò ń rọ̀ níbí."

"Ó ń rọ̀?"

"Ó rọ̀ báyìí lọ́jọ́ yẹn náà. Ojú fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì mi wà ní ọsibítù."

Bíírò Pupa fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Télọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ọmọ náà ń sọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn lọ mú èyí tó gbàgbé. Bí wọ́n ṣe tì í lórí bẹ́ẹ̀dì kọjá níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí kò ṣe sí ẹni tó mọ ohun tí yóò sọ. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń di bàtà rẹ̀, tó ń tú u, tó tún ń dì í. Ìyá kò dá sí i. Ó kàn ń dáhùn pé "ẹn" níbi tó bá yẹ kí ènìyàn dáhùn.

"Ó tó báyìí, Màmá," ọmọ náà ní. "Èyí tó kù, mi ò tíì lè sọ ọ́."

"Ó tó, ọmọ mi."

"Kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin."

Bíírò Pupa gbé fóònù mọ́ etí.

"Èwo ni?"

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, Télọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà léjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló sọ?"

"Obìnrin ni," Bíírò Pupa ní. "Irun wà lórí ẹ̀. Ó ní irun náà dúdú, ó sì rọ̀."